Iṣu Ìkórè Kọ́ Ni Iṣu Ilé

Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àṣàkẹ́ mi, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín kó tó lajú,

Ohùn rẹ lórí fóònù lánàá ṣì wà létí mi. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo gbọ́, ìdajì yòókù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ọdẹ gbé e mì. Ṣùgbọ́n èyí tí mo gbọ́ tó láti mú mi jókòó ti tábìlì, kí n wá bírò, kí n sì ṣe ohun tí mi ò ṣe láti ìgbà tí o ti jáde ní yunifásítì. Màmá rẹ ní kí n fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù, pé ayé ti kúrò ní ti bírò. Mo ní rárá. Ohùn á kọjá lọ, ṣùgbọ́n ìwé, o lè ká a sínú àpò, kí o tún kà á lábẹ́ igi níbi tí o bá ti ń sinmi láàárín oko méjì. Yorùbá ilé-ìwé ni mo sì fi kọ ọ́, kì í ṣe Ìgbómìnà tí a ń sọ nílé, torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ fẹ́ kà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ yọ̀ ná. Ọmọ mi di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀! Láti oṣù tó kọjá, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi ládùúgbò yìí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, alàgbà kan béèrè àlàáfíà mi, mo sì dá a lóhùn pé o ti ra bàtà òjò. Ibi tí ayọ̀ gbé mi dé nìyẹn.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ padà fún ọ, kí a lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọ́fíìsì yín fẹ́ pín ẹ̀bù iṣu tó dára láti gbìn fún àwọn abúlé tí iṣu wọn kò ṣe dáadáa. Wọ́n rán ọ lọ sí abúlé kékeré kan lẹ́yìn Òkè-Ọdẹ, pé kí o ka iṣu tó tó gbé lọ sọ́jà nínú ọgbà tí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń to iṣu sí, kí o sì mú ìpíndọ́gba rẹ̀ wá. Abúlé tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún kò ní rí ẹ̀bù gbà. Àgbẹ̀ mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, o ka ti gbogbo wọn. O ṣe ìṣirò, ó já sí igba. Igba! Abúlé ọlọ́rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n o ní ojú rẹ kò rí ọrọ̀ kankan níbẹ̀. O ní ìyá arúgbó kan wà tí iṣu rẹ̀ kò ju ọgbọ̀n lọ, pé bí o ti kà á tán ló mú ọ̀kan nínú ọgbọ̀n náà, ó sun ún fún ọ, ó sì ń wò ọ́ títí o fi jẹ ẹ́ tán. Ohùn rẹ yí padà nígbà tí o dé ibẹ̀. O wá ní: "Dádì, tí ìyá yẹn ò bá rí ẹ̀bù gbà nítorí ìṣirò tí mo ṣe ńkọ́? Ìṣirò ọ̀hún ò sì ṣì. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbà á, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni ọ̀gá mi fẹ́. Kí ni kí n kọ?"

Àṣàkẹ́, ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú ju ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ìṣirò tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà bíi tìrẹ. Kí n tó dá ọ lóhùn, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Láti kékeré ni o ti ń bi mí pé kí ló dé tí àwọn ará ilé màmá rẹ ní Òwu-Ìsin fi ń pè mí ní Àádọ́ta. Mo sọ fún ọ pé nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, làákàyè ẹni àádọ́ta ọdún ni mo ní. Irọ́ ni mo pa. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Tíṣà ọ̀dọ́ ni mí ní Òkè-Onígbìn nígbà náà. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ìṣirò sì ti wọ̀ mí lórí. Bí ènìyàn bá kí mi pé ẹ káàárọ̀, mo lè sọ iye ìgbà tó ti kí mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ìgbéyàwó èmi àti màmá rẹ wá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu tí a máa fi gún iyán fún àlejò. Mo béèrè pé mélòó. Ó ní: "Ẹ ṣáà máa wà á títí á fi tó." Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀làjú ṣe ń ṣe? Mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi, màá ṣírò rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ìkórè ni. Iṣu tí àwọn ọmọ ìjọ gbé wá dúpẹ́ ṣì tò níwájú pẹpẹ, ìwọ náà mọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń rí. Mo yá òṣùwọ̀n, mo wọn ogún nínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo rò ó pọ̀, mo pín in sí ogún. Ìṣirò náà mọ́ tónítóní. Ó fi hàn pé iṣu kan á yó ènìyàn mẹ́fà. Ọ̀ọ́dúnrún àlejò ni à ń retí. Pín ọ̀ọ́dúnrún sí mẹ́fà, ó di àádọ́ta. Mo fi ẹfun kọ àádọ́ta gàdàgbà sára ògiri ẹ̀yìn ilé, mo sì fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá mi wo ògiri, ó wò mí. Ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, iṣu ìkórè kọ́ ni iṣu ilé o."

Mo ní: "Màámi, nọ́ńbà kì í purọ́."

Ọjọ́ pé. Inú ọgbà bàbá mi ni wọ́n ti gbé àádọ́ta iṣu, iṣu tí à ń jẹ lójoojúmọ́, èyí tó gùn, èyí tó wọ́, èyí tí òkété ti tọ́ wò. Iṣu tí mo ní á yó ẹni mẹ́fà, agbára káká ló fi yó ẹni mẹ́ta. Àádọ́jọ ènìyàn jẹun, odó bá dákẹ́. Ta wá ni oúnjẹ kò kàn? Àwọn àna mi! Gbogbo Òwu-Ìsin jókòó sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ti fọ ọwọ́, ọwọ́ náà sì ti gbẹ.

Màmá rẹ dìde nínú aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ wá, ó ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣu ló kún ibẹ̀. Ọgọ́ta! Ó ti gbọ́ nípa ìṣirò mi ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ó sì ti ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n gbé iṣu dání, kí wọ́n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí odó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó jókòó tì mí, ó fẹnu sí mi létí, ó ní: "Tíṣà, èyí tí a fi yin Ọlọ́run lẹ wọ̀n. Èyí tí à ń jẹ ni wọ́n ń gún." Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bò mí mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn pé mo fẹ́ ẹni tó yẹ kí n fẹ́. Àwọn àna mi jẹun yó, wọ́n sì sọ mí lórúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú. O ti mọ̀ ọ́n báyìí. Rọra máa rẹ́rìn-ín.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fún ọ nìyí. Ìṣirò mi kò ṣì, bí tìrẹ náà kò ṣe ṣì. Ìpíndọ́gba iṣu ìkórè, èyí tó tóbi jù tí kálukú yàn wá fún Ọlọ́run, ni mo rí, ó sì pé pérépéré. Àṣìṣe mi ni pé mo gbé e lọ sídìí odó tí kì í ṣe tirẹ̀. Kí o tó rò ó pọ̀, kí o tó pín in, kọ́kọ́ béèrè ibi tí nǹkan tí ò ń kà ti wá, àti ẹni tó yàn án.

Ó wá kan abúlé rẹ. Nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù màmá rẹ wà níwájú mi. Mo ti tò wọ́n láti orí èyí tó kéré jù, ìwọ náà máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo kí o tó ṣe ohunkóhun: ọgbọ̀n; ogójì, ogójì, ogójì; ọgọ́ta, ọgọ́ta; àádọ́rin; ọgọ́rin, ọgọ́rin; lẹ́yìn náà ni ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ṣé o rí i? Iṣu àwọn mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ lápapọ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo wọn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, a pín in sí mẹ́wàá, ó di igba.

Kí ni ìpíndọ́gba yìí ń sọ? Ó ń sọ pé ká ní àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kó iṣu wọn jọ sójú kan, tí wọ́n sì pín in lọ́gbọọgba, igba igba ni kálukú máa gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n pín in? Ṣé ọkùnrin tó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ ti gbé iṣu kankan lọ sẹ́nu ọ̀nà ìyá arúgbó yẹn? Wá ẹni tó ní igba iṣu ní abúlé náà fún mi. Kò sí. Ẹni tí kò sí láyé ni ìpíndọ́gba rẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, wá ẹni àárín. Fojú inú wò ó pé gbogbo wọn tò bí ọmọ ilé-ìwé, ẹni tí iṣu rẹ̀ kéré jù níwájú, ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù lẹ́yìn. Nítorí pé wọ́n jẹ́ mẹ́wàá, ẹni méjì ló bọ́ sáàárín, ẹni karùn-ún àti ẹni kẹfà. Ọgọ́ta ni ti ẹni karùn-ún, ọgọ́ta náà ni ti ẹni kẹfà. Ká ní wọn kò dọ́gba ni, o máa ro méjèèjì pọ̀, kí o pín in sí méjì. Iṣu ẹni àárín jẹ́ ọgọ́ta. Kí ọlọ́pọ̀ iṣu yẹn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ, kó ní ẹgbàárùn-ún pàápàá, ẹni àárín kò ní kúrò lójú kan. Lẹ́yìn ìyẹn, wo èyí tó wọ́pọ̀ jù: ogójì ni, ẹni mẹ́ta ló ní i. Ìka ò dọ́gba, nítorí náà kọ bí wọn kò ṣe dọ́gba tó: láti ọgbọ̀n títí dé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Ẹni tó bá rí àlàfo yẹn nínú ìwé, kódà kó jẹ́ pé ó ń sáré, á dúró.

Àmọ́ gbọ́ o, má ṣe yọ ọkùnrin ọlọ́pọ̀ iṣu yẹn kúrò nínú ìṣirò kí nọ́ńbà rẹ lè rí bí o ṣe fẹ́. Mo mọ̀ ọ́, àánú rẹ pọ̀, ó lè ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò jalè, ó ṣiṣẹ́ ni. Ó wà ní abúlé, kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí o bá fi irọ́ ran ìyá yẹn lọ́wọ́ lónìí, wọn kò ní gba òótọ́ rẹ gbọ́ lọ́la.

Ohun mìíràn. Ní ọdún kejì tí mo ń ṣe tíṣà, ìpíndọ́gba máàkì kíláàsì mi ga ju ti gbogbo kíláàsì yòókù lọ. Mò ń rìn bí ẹni tó gba oyè. Ọ̀gá ilé-ìwé wa, bàbá kan tí kì í gbóhùn sókè, wo ìwé mi, ó ní: "Tíṣà, ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì yín?" Mo ní ogójì. "Mélòó ló ṣèdánwò?" Mo ní mẹ́rìnlélógún. Ó ní: "Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù wà lóko, wọ́n ń bá àwọn òbí wọn kọ ebè. Àbí wọn kì í ṣe ọmọ kíláàsì yín mọ́?" Nítorí náà, máa béèrè ẹni tí kò sí níbẹ̀. Òjò kò tíì dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ yín, ọ̀nà ò dáa, ní abúlé mìíràn ó máa wù ọ́ kí o ka àwọn tó wà létí títì nìkan. Bí o kò bá lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú, má fi òdo sí iwájú orúkọ wọn, nítorí ẹni tí a kò rí kì í ṣe ẹni tí kò ní nǹkan kan. Kọ ọ́ pé: ẹni báyìí báyìí wà tí mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Máa lọ kà á fúnra rẹ pẹ̀lú, bí o ti ṣe ní abúlé yìí. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Àgbẹ̀ tí o bá bi léèrè lẹ́nu ọ̀nà máa sọ pé iṣu òun ò ta rárá. Bẹ̀ ẹ́ kó mú ọ dé ọgbà, kí o kí i dáadáa, kí o sì ka iṣu.

Má rò pé mo ti di ọlọ́gbọ́n tán o. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ṣe é fún oṣù méjì, mo mú ìpíndọ́gba rẹ̀, ó dára bíi ti ọmọ ogún ọdún. Mo gbé ìwé náà fún màmá rẹ kó wá yìn mí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn ìsìn, tí mo bá ti kọrin tán tí ọkàn mi balẹ̀. Kò bá mi jà. Ó kàn dá ìwé padà fún mi, ó ní: "Àádọ́ta." Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tí ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ẹ̀fọ́ mi. Ó ga ju bí mo ṣe rò lọ, nọ́ọ̀sì sì ti fún mi lóògùn. Màmá rẹ ló ń ṣọ́ mi tí mo fi ń lò ó, má mikàn.

Ohun tí wàá kọ lọ́jọ́ Ẹtì nìyí. Má bá ọ̀gá rẹ jiyàn. Fi ọ̀wọ̀ gbé e fún un, kí o ní: "Sà, ìpíndọ́gba tí ẹ ní kí n mú wá nìyí, igba ni. Mo fi ìlà kan kún un." Kí ìlà náà kà báyìí: nínú àgbẹ̀ mẹ́wàá, mẹ́sàn-án kò ní ju ọgọ́rin iṣu lọ, ẹni àárín ní ọgọ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ. Kí o wá dákẹ́. Bó bá ní nọ́ńbà kan ṣoṣo ni òun ṣì fẹ́, bi í pé, "Sà, abúlé lẹ fẹ́ fún ní ẹ̀bù ni, àbí àgbẹ̀?" Mi ò lè ṣèlérí pé á gbà. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ gbà, ohun tí ojú rẹ rí á wà nínú ìwé, orúkọ rẹ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi bàbá rẹ á máa fi yangàn títí ọjọ́ ikú mi.

Màmá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí o máa jẹun, pé ìpíndọ́gba ẹni tó jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́jọ́ kan tí kò sì jẹ rárá lọ́jọ́ kejì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ṣùgbọ́n ebi pa á lọ́jọ́ kejì. Ṣé o rí i pé ó ti mọ̀ ọ́n jù mí lọ?

Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá gbé àpò iṣu kan fún ọ pẹ̀lú. Mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́wàá jẹ́ tìrẹ, ojú ni mo dì tí mo fi mú wọn nínú ọgbà, nítorí náà wàá rí èyí tó tóbi, wàá rí èyí tó wọ́, wàá sì rí kékeré kan tí màmá rẹ fẹ́ yọ sọnù kí ojú má baà tì wá. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ara iṣu ilé wa ni. Ìkọkànlá ni mo lajú yàn. Òun ló tóbi jù lọ nínú oko mi lọ́dún yìí, mo sì ti yà á sọ́tọ̀ fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Má jẹ ẹ́. Gbé e lọ fún ìyá arúgbó yẹn, kí o sì kúnlẹ̀ kí i fún mi, kí iṣu rẹ̀ lè padà pé ọgbọ̀n.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àádọ́ta.